Agolo Bàbá Mi Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Alága

"Ẹ káàbọ̀ sílé" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, irọ́ sì ni. N kò fi ẹsẹ̀ tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ rí láyé mi kí ọjọ́ náà tó dé. Kùmásì, ní ilẹ̀ Gánà, ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni mo ti lọ sí ilé-ìwé, ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tí ń ta kẹ́ńkì gbígbóná àti ẹni tí ń ta èyí tó sùn mọ́jú. Mo ti ń di ọmọge nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn jáde, tí lọ́rì kan sì já wa sílẹ̀ sí ìlú tí gbogbo ènìyàn ní ìlú mi ni. Àwọn ẹlòmíràn máa ń ròyìn bí wọ́n ṣe kúrò nílé lọ sí àjò. Ní tèmi, ilé ni wọ́n lé mi lọ, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti ṣe àtìpó.

Ní Kùmásì, ilà ojú bàbá mi ni ọlọ́pàá fi ń mọ̀ ọ́n. Gọ̀mbọ́ ni ó kọ, kò sì sí fìlà tó lè bò ó. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ẹ̀wẹ̀, ojú tèmi tí kò ní ilà ni wọ́n fi ń mọ̀ mí. Ọmọ Gánà ni wọ́n ń pè mí ní agboolé. Wọ́n ní mò ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá àgbà kan a máa ní kí n sọ Twi, èdè Kùmásì, kí òun gbọ́, bí mo bá sì ti sọ ọ́ tán, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á wá bu gúgúrú fún mi. Mo máa ń gba gúgúrú náà. Ẹni tí ebi ń pa kì í bínú sí gúgúrú.

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún wa kò yẹ ìyá mi rárá. Aṣọ ni ó ń tà ní Kùmásì, nínú ìsọ̀ tirẹ̀, lórí àga tirẹ̀. Nílé, wọ́n kó wa lọ sí Ìrẹsà, níbi tí àwọn ẹbí bàbá mi ń dáko sí, kí a máa bá wọn bó gbágùúdá. Ọwọ́ wa bó, èékánná wa dú. Àwọn obìnrin tí a jọ ń bó o a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé olówó Gánà kò mọ ọ̀bẹ í dì mú. Bẹ́ẹ̀, owó tí bàbá mi ń fi ránṣẹ́ láti Kùmásì ni wọ́n fi kan páànù sórí ilé tí àwọn fúnra wọn ń sùn sí. Mo máa ń wo páànù náà, mo máa ń wo ẹnu wọn, mo sì ń bá gbágùúdá mi lọ.

Bàbá mi kò bá wa wá. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ nígbà tí àṣẹ ìjọba jáde. Kò lè jókòó, ká tó wá sọ pé kí ó gun lọ́rì. Ó ní kí ìyá mi máa mú mi lọ, pé bí ara òun bá yá, òun yóò tẹ̀ lé wa. Aládùúgbò wa kan, Akosúà, ọmọ Aṣántì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ni ó ní òun yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ó sì tọ́jú rẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni awakọ̀ lọ́rì kan jẹ́ iṣẹ́ Akosúà fún wa: bàbá mi ti kú, wọ́n ti sin ín sí Kùmásì, ṣùgbọ́n òun ti gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ sínú agolo, òun yóò sì tọ́jú rẹ̀ títí ẹni wa yóò fi wá gbà á.

Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é. Bí ẹni wa bá kú sí àjò, tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun àti èékánná rẹ̀ ni a ó gbé wá sin, a ó sì gbà pé ó ti délé. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ Akosúà. Àwọn Aṣántì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún òkú tiwọn. Èyí ni pé obìnrin méjì ti parí ìlàjà Gánà àti Nàìjíríà láàárín ara wọn, pẹ̀lú ọ̀bẹ kan àti agolo bisikíìtì kan, kí àwọn ọlọ́gbọ́n tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún un.

Láti ìgbà náà, ìyá mi kò gbà pé òun ti di opó. Kò ṣe òkú. Ó ní bàbá wa ṣì wà lójú ọ̀nà, a kì í sì í ṣe òkú ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Ohun tó jẹ́ ara ènìyàn, a kò lè fi rán ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó ní òun yóò lọ gbà á ń sún ọjọ́ síwájú títí òun náà fi kú, lẹ́yìn náà ni wọ́n ti bodè pa. Wòlíì ìjọ aládùúrà tí ìyá mi ń lọ sọ fún un pé ìṣe àwọn kèfèrí ni. Ìyá mi fèsì pé bí ìyàwó wòlíì bá kú sí Kùmásì, kí wòlíì wá sọ tẹnu rẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀yọ́ ni mo sá lọ nígbà tí mo dàgbà tó ẹni tí ń sá. Mo kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, nígbà tí mo sì ṣe fírídọ̀mù mi tán, mo gba ìsọ̀ kékeré kan ní àdúgbò náà. Ọ̀yọ́ dára fún mi nítorí pé kò sí ẹni tí ń purọ́ fún mi níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ mí sí àlejò, èmi náà mọ ara mi sí àlejò, kálukú sì wà ní àyè rẹ̀. Ọjọ́ tí obìnrin kan tí ń ta aṣọ ní Ọjà Akẹ̀sán sọ fún mi pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rán búbá òun mọ́, mo tilẹ̀kùn ìsọ̀ kí oòrùn tó rọ̀, mo ra ẹ̀pà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi láti ṣe àjọyọ̀. Èmi nìkan ni mo ṣe é. Inú mi dùn, ó sì tún dùn mí pé kò sí ẹni tí mo lè ròyìn rẹ̀ fún ní èdè tí mo fi ń yọ̀.

Inú ìsọ̀ yẹn ni mo ti mọ Tísà Kofí, ará Gánà tí ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ìṣirò. Ó máa ń gbé ṣòkòtò wá pé kí n bá òun tún un rán, ṣùgbọ́n Twi ni ó ń wá wá. A ó jókòó, a ó sọ ọ́ títí ọkàn àwa méjèèjì yóò fi balẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni ó ti kọ́ Yorùbá, ó sì gbọ́ ọ dáadáa.

Nígbà tí ó wá kan Nàìjíríà, tí ìjọba tiwa náà ní kí àwọn ará Gánà máa lọ, mo rò pé ìlú yóò dákẹ́. Ta ni kò ní ẹbí tí Gánà ti lé rí? Mo tan ara mi jẹ. Orin ni wọ́n fi sìn wọ́n jáde. Ẹnu kan náà tó pe ìjọba Gánà ní ìkà ni ó ń sọ pé àwọn Gánà ti pọ̀ jù. Ní ilé Tísà Kofí, wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ra bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àga rẹ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yẹpẹrẹ. N kò lọ síbẹ̀, nítorí n kò fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó ra ohunkóhun. Ó wá dágbére fún mi, ó gba ṣòkòtò rẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ó sì lọ.

Ó ṣe díẹ̀, àsìkò SAP tí gbogbo nǹkan gbówó lórí dé, bodè ti ṣí, ni àwọn kan bá rò ó pé ó yẹ kí àwọn ará ìlú méjèèjì la ìjà tí ìjọba wọn dá sílẹ̀. Àwọn ìjọ kan, àwọn mọ́ṣáláṣí kan, àwọn tísà àti àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní àwọn yóò pàdé irú wọn láti Kùmásì, kí oníkálukú sọ ohun tó ṣe ẹnìkejì, kí wọ́n sì jọ tọrọ àforíjì. Èrò náà dára. N kò bá èrò náà jà. Àwọn tí wọ́n gbé e lé lọ́wọ́ ni n kò lè wò láì yínmú.

Oníṣòwò sìmẹ́ńtì kan ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ṣe alága. Ó jẹ́ olóyè, ó ní ọkọ̀ Pijó, ó sì ní pálọ̀ tó gbòòrò. Bóyá pálọ̀ náà ni wọ́n dìbò fún. Ní ọdún tí wọ́n ń lé àwọn ará Gánà, mo rí ọkùnrin yìí ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà Akẹ̀sán, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé afẹ́fẹ́ ìlú yóò wá mọ́. Ní báyìí, kò sí ìpàdé tí kì í ti fi áńkáṣífù nu ojú bí ó bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìfẹ́ ọmọnìkejì. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Wọ́n wá mi kàn nítorí Twi. Nínú gbogbo ìgbìmọ̀ náà, èmi nìkan ni ìjọba kankan ti lé rí, ẹnu mi nìkan ni wọ́n sì fẹ́ lò. Ìpàdé kan tán lórí ẹni tí yóò jókòó sí tábìlì iwájú. Òmíràn tán lórí bóyá ìmáàmù ni yóò kọ́kọ́ gbàdúrà tàbí pásítọ̀; wọ́n parí rẹ̀ sí pé kí àwọn méjèèjì gbà á níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún gbà á níparí. Bí mo bá béèrè pé kí ni a fẹ́ sọ fún àwọn àlejò náà gan-an, wọ́n á ní kí n fara balẹ̀, pé ìyẹn wà lábẹ́ "ọ̀rọ̀ mìíràn". A kì í sì í dé ibẹ̀ kí oúnjẹ tó dé. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí n fi wọ́n sílẹ̀, tẹlifóònù ni. Ìgbìmọ̀ ní láti máa bá Kùmásì sọ̀rọ̀, ọ́fíìsì tẹlifóònù ní Ọ̀yọ́ ni a sì ti ń pè é. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, ohùn tó jáde láti ọ̀hún kò tíì dárúkọ ara rẹ̀ tí mo fi mọ̀ ọ́n. Tísà Kofí ni. Òun ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé lọ́hùn-ún. Alága dúró tì mí, ó ní kí n kí wọn, kí n kí ìyàwó wọn, kí n kí ará ilé àti ará oko, kí n sọ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Mo gé gbogbo rẹ̀ kúrú sí "ó kí yín", mo sì fi àyè tó kù bẹ Tísà pé kí ó bá mi wá Akosúà. Mo sọ àdúgbò fún un, mo sọ ilé tó kọjú sí tiwa, mo sọ ìdí rẹ̀. Alága bi mí pé kí ni mò ń sọ tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ìkíni rẹ̀ ni.

Ìgbà kejì tí a pè, ohùn obìnrin àgbà ni mo gbọ́.

"Ṣé ìyá rẹ ṣì wà?" Akosúà bi mí.

Mo ní ó wà.

"Sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mò ń mú un bọ̀."

Fóònù sì já. Mo sunkún níbẹ̀, níwájú akọ̀wé ọ́fíìsì àti àwọn tó tò sẹ́yìn wa, ojú kò tì mí. Alága béèrè ohun tí wọ́n sọ. Mo ní wọ́n ní àwọn ń bọ̀.

Ìyá mi kò pariwo nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ihò kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri agboolé, níbi tí òjìji igi máńgòrò máa ń dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó fọ aṣọ funfun kan, ó ká a, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú ní ọdún náà, kò lè rìn dé ojúde mọ́, bí ó bá sì sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dúró mí. Kì í ṣe ikú ni ó ń bẹ̀rù. Ó ní bí òun bá kọ́kọ́ lọ, ta ni yóò pàdé bàbá wa lẹ́nu ọ̀nà?

Ọjọ́ tí àwọn àlejò dé, gbọ̀ngàn tí a gbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kún. Wọ́n pẹ́ lójú ọ̀nà, nítorí náà, tààrà láti inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti wọlé, alága sì ti wà nídìí maíkì. Ó dì mí mú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí n máa túmọ̀. Láti orí pèpéle ni mo ti rí obìnrin arúgbó kan tó ń wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wọlé, ó di nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ wé mọ́ àyà. Mo mọ̀ pé òun ni. Alága ń sọ pé ìtàn yóò rántí ọjọ́ òní. Mo gé ìyẹn náà kúrú, ṣùgbọ́n bí mo ti ń gé e, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gùn sí i.

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Àgbà àlejò kì í fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù nílé wa. Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀, tó múra dáadáa, sáré pàdé Akosúà, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó na ọwọ́ méjèèjì. Nílẹ̀ wa, kò sí obìnrin tí kì í kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ fún ẹni tí ń kọjá lọ. Àmọ́ níbi tí Akosúà ti wá, obìnrin tó níyì kì í wólẹ̀ lórí eékún níwájú ẹni tí kò mọ̀ rí, àfi bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Akosúà rò pé ọmọ òkú ni, èyí tó ti bí sílé kí ó tó wá sí Gánà. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó gbé agolo náà lé obìnrin náà lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ kan orí rẹ̀. Obìnrin náà dìde, ó ní ẹ ṣeun, ó gbé agolo lọ sórí tábìlì ẹ̀bùn, sí àárín aṣọ kẹ́ńtè àti àwọn ère onígi.

Ìgbà tí alága fi maíkì sílẹ̀, tí mo sì dé ọ̀dọ̀ Akosúà, wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀bùn sínú Pijó alága, Pijó ti kọrí sí Ọ̀yọ́. Ó dì mọ́ mi, ó ní kí n má ṣe sunkún mọ́, pé òun ti fi bàbá lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n wo? Èmi nìkan ni bàbá mi bí.

Èmi àti Akosúà lọ sí agboolé, mo sì ní láti sọ fún ìyá mi. Ó ti wọ aṣọ rẹ̀, ó jókòó lórí àpótí níwájú ihò kékeré náà. Ó wo ọwọ́ mi kí ó tó wo ojú mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní, "Ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì tún gbé e kọjá ilé rẹ̀?" Akosúà jókòó tì í, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, èmi sì dúró níbẹ̀, mò ń ronú lórí gbogbo ẹni tó ti sọ fún mi pé ilé nìyí. Bàbá mi kọ ilà ìlú yìí, ó kan páànù ìlú yìí, ó kú pẹ̀lú orúkọ ìlú yìí lẹ́nu. Nígbà tí ó wá dé, ìlú yìí gbé e ka orí tábìlì bí ẹ̀bùn, ó sì pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ètò ní kí a mú àwọn àlejò rìn yí Ọjà Akẹ̀sán ká, kí a sì lọ fara rọ ní pálọ̀ alága. Akosúà bá wa lọ. Ó ní òun kò kúrò lẹ́yìn mi mọ́. Wọ́n pín mínírà, wọ́n pín ìpápánu. Ní igun pálọ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà, agolo bàbá mi sì wà nínú rẹ̀, láàárín àwọn ife tí ẹnikẹ́ni kò fi mu omi rí. Tísà Kofí, tó bá àwọn àlejò wá, kò jókòó. Láti ìgbà tí ó ti wọlé ni ó ti ń wo kọ́bọ́ọ̀dù náà. Mo rò pé nítorí agolo ni.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú alága. Mo sọ fún un pé nǹkan yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn, pé àṣìṣe ni, mo sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. N kò fẹ́ sọ ọ́ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Mo sọ fún un pé ìyá mi ń dúró, pé ara rẹ̀ kò yá.

Alága mi orí bí adájọ́.

"Télọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ yé mi," ó ní. "Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo ayé ni wọ́n ti gbé e fún ẹgbẹ́. Nǹkan ẹgbẹ́, a kì í ṣàdéédéé mú un. Jẹ́ ká gbé e lọ sípàdé. Kọ́kọ́rọ́ gan-an, ọwọ́ ìyàwó mi ló wà, ó sì ti lọ sí Ṣakí."

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ní òótọ́ ni, pé ohun gbogbo ni ó ní ètò. Ẹnìkan tilẹ̀ ní a lè fi sí abẹ́ "ọ̀rọ̀ mìíràn".

Nígbà náà ni Tísà Kofí gbé ìgò mínírà rẹ̀ kalẹ̀. Ó rìn dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ki ìka bọ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀, ó fi èjìká tì í wọlé, ilẹ̀kùn náà sì ṣí láì dún. Ó mú agolo jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Lẹ́yìn náà, ó pa ilẹ̀kùn dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ má bínú, alága," ó ní, ní Yorùbá tó kọ́ nínú ìsọ̀ mi. "Ilẹ̀kùn yìí kì í gba kọ́kọ́rọ́. Èmi ni mo ní kí káfíńtà ṣe é bẹ́ẹ̀, torí kọ́kọ́rọ́ máa ń sọ nù mọ́ mi lọ́wọ́."

Kò sí ẹni tó mu mínírà rẹ̀ mọ́. Alága ń wo kọ́bọ́ọ̀dù náà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i nílé ara rẹ̀. Pásítọ̀ ní kí a dìde fún àdúrà ìparí, bẹ́ẹ̀ a kò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Alága wá yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ní kí n bá òun sọ fún Tísà pé owó ni òun fi rà á, pé òun kò jí i, pé bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn ni.

Mo dìde lórí eékún mi. Mo ní, "Ẹ sọ ọ́ fún un fúnra yín, sà. Ó gbọ́ Yorùbá yín."

Kò sọ ọ́. Ìlàjà tí wọ́n fi oṣù gbọọrọ ṣètò rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀, kò gbà ju gbólóhùn kan lọ, kò sì sí ẹni tí yóò bá a gé e kúrú. Ó ní kí wọ́n gbé ìpápánu sí i wá. Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Èmi, Akosúà àti Tísà wọ ọkọ̀ èrò padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kọ̀ńdọ́ ní kí n gbé ẹrù mi sẹ́yìn ọkọ̀, mo ní kì í ṣe ẹrù. Orí itan mi ni agolo náà wà títí a fi dé. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dùn mí.

Ìyá mi wà níbi tí a fi í sílẹ̀ sí. Nígbà tí ó rí ọwọ́ mi, ó na tirẹ̀. Kò ṣí agolo náà. Ó tú aṣọ Akosúà kúrò lára rẹ̀, ó dá a padà fún un, ó sì fi aṣọ funfun tirẹ̀ wé e. Tísà bá a gbé e sínú ilẹ̀. Àwọn ará agboolé ti jáde síta, àwọn tó pè mí ní Ọmọ Gánà àti àwọn tó bu gúgúrú fún mi, ìyá mi kò sì wo ìkankan nínú wọn. Ó tẹ̀ síwájú tó bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbà á láyè, ó sì bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sílé, olówó orí mi."

Twi ni òun àti Akosúà ti ń sọ láti àná, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó fi sọ èyí. Akosúà fà mí lọ́wọ́, ó bi mí pé kí ni ó sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, n kò fi nǹkan kan kún un, n kò sì gé nǹkan kan kúrò níbẹ̀.